Àkíbù Oníṣẹ́ Abẹ́rẹ́ àti Labalábá Etí Kúdẹtì

Ẹni tó bá rí mi lónìí lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, tí mo ń fi ọ̀pá lé ewúrẹ́, kò ní mọ̀ pé èmi Ifátóyìn yìí kọ́ ara mi ní ìwé kíkà àti ìwé kíkọ láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. N kò ní tíṣà, n kò sì mọ bí bẹ́ǹṣì ṣe rí. Bébà tí wọ́n fi ń di iyọ̀ ní Ọjà'ba ni mo tẹ́ sílẹ̀. Mo wò ó, ó wò mí, nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án ó sọ̀rọ̀. Àwọn tó lo ọdún méje nílé ìwé ṣì máa ń gbé lẹ́tà wá kí n bá wọn wo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ara mi ni mo jókòó kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tèmi á kún àpótí mẹ́ta. Ìtàn Àkíbù ni, Àkíbù ọmọ Ìsàlẹ̀ Òsì, oníṣẹ́ abẹ́rẹ́, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí eyín wa kò tíì pé. Ọdún mọ́kànlá rèé tó ti lọ. Lójoojúmọ́ ni mo ń rí àwọn ọkùnrin tó ń gun òkè Màpó pẹ̀lú irú iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ti ọwọ́ rẹ̀ jáde lẹ́yìn wọn, wọn kò sì mọ̀ ọ́n lórúkọ. Ìyẹn ló dùn mí tí mo fi mú kálàmù.

Iṣẹ́ Àkíbù kì í ṣe kí ó rán aṣọ. Ẹlòmíràn ni yóò hun ún, ẹlòmíràn ni yóò rán an pọ̀ di agbádá. Nígbà tí gbogbo wọn bá ṣe tán ni wọn yóò gbé e wá fún Àkíbù, kí ó fi òwú sẹ́dà àti abẹ́rẹ́ kọ ọnà sí ọrùn rẹ̀, sí àyà, sí ẹ̀yìn. Láti ìgbà tó bá ti ìrun àsùbáà dé ni yóò ti jókòó sórí ẹní lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò na ẹsẹ̀ ọ̀tún, yóò tẹ́ aṣọ lé itan. Ẹsẹ̀ náà kò yéé nà títí ó fi gùn ju ti òsì lọ. Èmi tí mo bá a rìn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dí i lọ́wọ́, á fi abẹ́rẹ́ sáàárín ètè. Ẹni tó fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu, ta ni yóò retí èsì lọ́dọ̀ rẹ̀? Iṣẹ́ rẹ̀ sì dì tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí òjò tó dúró lórí àyà agbádá kan láti àárọ̀ títí di àṣálẹ́, tí ẹ̀kán omi kan kò jò wọ inú.

Ohun kan ṣoṣo ni Àkíbù kò ní: kò tíì rí ayé. Láti orí ẹní dé mọ́ṣáláṣí, láti mọ́ṣáláṣí padà sórí ẹní. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kọ́ ọ̀bẹ méjì àti ọ̀bẹ mẹ́jọ lọ́wọ́ àwọn Tápà, ìyẹn ọnà gígùn ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí gbogbo ayé ń fi sí àyà agbádá. Ọ̀bẹ náà ni Àkíbù kọ́, ọ̀bẹ náà ló ń ṣe. Kò sí ẹni tó lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ náà ni.

Ọdún tí ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn ni nǹkan yí padà. Kò tíì sí gbọ̀ngàn lórí Màpó nígbà náà. Àpáta àti koríko lásán ni, ewúrẹ́ ló ń sùn síbẹ̀. Lọ́dún yẹn, Iléyá bọ́ sí ìgbà tí òjò ń bẹ̀rẹ̀. Ó ku nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rìnlélógún kí ọdún pé nígbà tí Bàbá Sàlámì yà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àkíbù. Oníṣòwò obì ni Sàlámì, ó ń gbé obì lọ sí Ìlọrin àti Kánò, ó sì ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀ láti ibẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mo ń jẹ iṣu lọ́wọ́.

Ó tẹ́ agbádá sányán tuntun kan sílẹ̀, ó gbé òwú sẹ́dà oríṣiríṣi lé e lórí.

"Àkíbù, ọ̀bẹ mẹ́jọ ti sú mi."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Kí lọ̀bẹ ṣe?"

"Ó ti pọ̀ jù. Láti ibí dé Kánò, ọ̀bẹ mẹ́jọ ni gbogbo ènìyàn ń wọ̀. Alápatà tí mo ń bá ra ẹran n'Ílọrin, ọ̀bẹ mẹ́jọ wà láyà tirẹ̀ náà. Nígbà tó mú tọwọ́ rẹ̀ jáde, ó di mẹ́sàn-án."

Mo rẹ́rìn-ín títí iṣu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ há mi lọ́fun. Sàlámì kò rẹ́rìn-ín.

"Ohun tí ẹnìkan kò tíì wọ̀ rí ni mo fẹ́. Ẹ̀yìn ni kí o ṣe é sí. Ìlà iwájú ni mo máa ń dúró ní yídì bí a bá ń kírun ọdún. Mo fẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn mi rí nǹkan wò. Bó bá dára, gbogbo àwa oníṣòwò obì la máa kó aṣọ wá fún ọ. Bí kò bá dára, àwọn oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ Bẹẹrẹ ń bẹ."

Àkíbù gbà. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá, kò tíì fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, Kúbúrá ìyàwó rẹ̀ wá bá mi nílé.

"Bàbá Àbẹ̀bí, ẹ wá wo ọ̀rẹ́ yín. Ó jókòó ti aṣọ bí ẹni tó ń ṣòfọ̀. Mo gbé ẹ̀kọ síwájú rẹ̀, ó ní kí n gbé e kúrò níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé."

Mo dé ibẹ̀. Mo ní kí ó dìde.

"Ká lọ síbo?" abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀.

"Àkùrọ̀ mi, létí Kúdẹtì."

"Kí ni mo fẹ́ fi tẹ̀tẹ̀ ṣe?"

"Ta ló dárúkọ tẹ̀tẹ̀? Ẹyẹ ni mo fẹ́ fi hàn ọ́. Ṣé orí ẹní yìí ni ohun tí ẹnìkan kò tíì wọ̀ rí máa wá bá ọ?"

Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó fi gún fìlà rẹ̀, ó dìde. Bí a ṣe jáde nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àkùrọ̀ mi ti rí nígbà yẹn, torí ilé ti bo apá tó pọ̀ jù níbẹ̀ báyìí. Ilẹ̀ rírọ̀ ni lẹ́bàá omi. Mo gbin tẹ̀tẹ̀ sí apá kan, kókò sí apá kan, ìrèké mi dúró láàárín. Ìrèké yẹn ga débi pé àwòdì máa ń sinmi lójú ọ̀nà kó tó dé orí rẹ̀. Níwájú ìrèké ni omi tẹ́ pẹrẹsẹ sí, òṣíbàtà bo ojú rẹ̀, eèsún yí i ká, ọ̀pẹ mẹ́fà tẹ̀ sórí rẹ̀ bí àgbà tó ń wo kànga. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ilẹ̀ ti mu, ó ti yó, òórùn rẹ̀ dà bíi ti ìkòkò tuntun tí a kọ́kọ́ bu omi sí.

Lékeléke la kọ́kọ́ bá. Wọ́n ń kóra jọ láti padà sí Òkè Ọya, torí wọn kì í fẹ́ràn kí òjò ńlá bá wọn lọ́dọ̀ wa. Iye wọn lọ́jọ́ náà jẹ́ ẹgbàajì ó lé méje. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà wọ́n. Nígbà kejì wọ́n tún pọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, òkè àkùrọ̀ funfun bí ẹni pé ojú ọ̀run wọ ìbora. Àwọn ọmọ Kúdẹtì dúró létí omi, wọ́n na ìka sókè, wọ́n ń tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ wọn bí ọmọdé ti ń ṣe láti ayébáyé. Mo bojú wẹ̀yìn. Àkíbù, bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin, ti na ìka tirẹ̀ náà.

"Ìwọ náà kẹ̀?" mo ní.

"Ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ kọ ohun tí wọ́n bá fi sí i lọ́wọ́," ó ní, kò sì ká ìka rẹ̀ kò.

Mo fi ẹyẹ kan hàn án tó ń rìn lórí ewé òṣíbàtà, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí ìgbálẹ̀, ewé kò rì. Mo fi òmíràn hàn án, kékeré aláwọ̀ aró, tó ń ti orí eèsún já sómi bí òkò, tó ń gbé ẹja jáde kí omi tó mọ̀ pé ẹnìkan wọlé. Ẹlulùú ń dún nínú igbó, ó ń pe òjò. Gbogbo ẹyẹ wọ̀nyí ni mo mọ̀, mo mọ bàbá wọn. Ṣùgbọ́n Àkíbù ti dúró sábẹ́ ọ̀pẹ, kò gbọ́ mi mọ́.

Ẹ̀gà ló ń wò. Ẹ̀gà kan, ofeefee àti dúdú, ń ya imọ̀ ọ̀pẹ ní tín-ín-tín-ín, ó ń fi ẹnu hun ún di ilé. Àkíbù wò ó, ó wò ó.

"Ifátóyìn, ṣé o rí i bó ṣe ń ti abẹ́ fà á jáde? Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ta ló kọ́ eléyìí?"

"Ṣé ó dára?"

Ó yí ọrùn sápá kan. "Ọwọ́ rẹ̀ yá jù. Apá ọ̀tún yẹn á tú."

Kò pẹ́ tí abo rẹ̀ dé. Ó bà lé ilé náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi ẹnu fa apá ọ̀tún, ó tú, ó sì fò lọ láìwẹ̀yìn. Akọ dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó já gbogbo ilé náà wálẹ̀, ó lọ ya imọ̀ mìíràn. Àkíbù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọ̀pẹ mú.

"Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lẹ́ o," ó ń bá ẹyẹ sọ̀rọ̀. "Gbogbo wa la ní oníbàárà."

Nígbà tí oòrùn gun orí tán ni labalábá jáde. Ibì kan wà létí omi tí ewúrẹ́ máa ń tọ̀ sí, ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn. Wọ́n bo ẹrẹ̀ náà bí aṣọ tí a sá. Èyí tó funfun bí òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n wà níbẹ̀, èyí tó pupa bí epo wà níbẹ̀, èyí kékeré aláwọ̀ aró tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ wà níbẹ̀. Ọ̀gá gbogbo wọn ni ọ̀kan ńlá dúdú, tí ọ̀já aláwọ̀ ewé títàn kan là á já láti ìyẹ́ dé ìyẹ́. Bó bá ṣí ìyẹ́, ọ̀já náà á tàn; bó bá pa á dé, á kú bí fìtílà.

Àkíbù dùbúlẹ̀. Mo ní ó dùbúlẹ̀ o, nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú bùbá tó wọ̀ wá. Ó fa abẹ́rẹ́ yọ nínú fìlà, ó fa òwú àti àkísà yọ lápò, ó bẹ̀rẹ̀ sí rán ohun tó ń rí. Àwọn òyìnbó máa ń fi lẹ́ẹ̀dì ya nǹkan sórí bébà. Àkíbù kò mọ̀yẹn, abẹ́rẹ́ ló fi ń wo nǹkan. Bí labalábá bá ṣípò, á fi ìgbáròkó wọ́ tẹ̀ lé e. Ìgbà tí ìrun àìlà tó, ó lọ ṣe àlùwàlá létí odò, ó kírun sórí koríko. Bó ṣe forí kanlẹ̀, dúdú ńlá yẹn bà lé ẹ̀yìn rẹ̀, ó ṣí ìyẹ́. Kò kúrò níbẹ̀ títí ìrun fi parí. N kò sọ fún un nígbà yẹn, torí mo rò pé ó lè pa ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ dà. Ìwọ̀nba ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti rí ibi tó yẹ kí iṣẹ́ yẹn wà lẹ́yìn agbádá.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ló fi ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ kò rí i, ẹ ti pàdánù. Labalábá kan ṣoṣo ni, ó fẹ̀ tó ọwọ́ mẹ́rin, ó na ìyẹ́ méjèèjì gbalaja lẹ́yìn aṣọ sányán, ọ̀já aláwọ̀ ewé là á já. Ó ṣe ara rẹ̀ sáàárín, ó ṣe orí, ó ṣe ìwo tín-ín-rín méjì orí rẹ̀, ó wá ṣe ojú. Ojú yẹn ló pọ̀ jù. Ìyá adìyẹ kan ti inú àgbàlá sáré wọlé, ó sì fi ẹnu ṣá a. Mo fi ojú mi méjèèjì rí i. Kúbúrá ló lé e.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin sí Iléyá nígbà tí Alfa Màmúdù ń kọjá lọ, tó yà kí Àkíbù. Alfa yìí ló ń kọ́ Sàlámì àti ìdajì Ìsàlẹ̀ Òsì ní kéwú. Ọkùnrin gíga ni, kì í pariwo, ohùn rẹ̀ kì í sì í padà lọ́wọ́ òfo. Bó ṣe rí aṣọ náà, ó dúró.

"Kí nìyí, Àkíbù?"

"Labalábá ni, Alfa."

"Ó jọ ọ́. Ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́?"

"Bàbá Sàlámì."

"Níbo?"

"Ní yídì, lọ́jọ́ Iléyá."

"Ìlà wo ni Sàlámì máa ń dúró?"

"Ìlà iwájú, Alfa."

Alfa jókòó sórí ẹní, jẹ́ẹ́. "Ìlà kejì wà lẹ́yìn ìlà kìíní, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bí wọ́n bá dúró, kí ni ojú wọn máa wò? Bí wọ́n bá forí kanlẹ̀, níwájú kí ni?"

Àkíbù yí ẹ̀yìn aṣọ náà sókè, ó tún un wò. Láti ọjọ́ tí Àkíbù ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀bẹ ló ń fi sẹ́yìn aṣọ, ọ̀bẹ kì í sì í ṣe ohun ẹlẹ́mìí. Kò rò ó pé ìrun máa wà lẹ́yìn iṣẹ́ òun. Oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ ń wo aṣọ lórí itan rẹ̀, kì í wo ẹni tó máa dúró lẹ́yìn ẹni tó wọ̀ ọ́.

"Àwòrán ohun ẹlẹ́mìí," Alfa ní. "O fẹ́ kí àwọn mùsùlùmí Ìbàdàn forí kanlẹ̀ fún kòkòrò lọ́jọ́ ọdún."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Sàlámì ti gbọ́. Ó dé, kò jókòó.

"Bí Alfa bá gbà á, mo wọ̀ ọ́. Bí Alfa kò bá gbà á, fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé n kò lè pa ẹnu mọ́ bí wọ́n bá bi mí ìdí tí mo fi wọ aṣọ àtijọ́."

Àkíbù mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Aṣọ yòówù tó bá tóbi tó kí a fi ọnà sí i ní Ìsàlẹ̀ Òsì, aṣọ ìrun ni: ti Jímọ̀, ti Ìtúnu, ti Iléyá. Bí ọ̀rọ̀ bá tàn ká mọ́ṣáláṣí pé Àkíbù ló fẹ́ mú àwọn ènìyàn forí balẹ̀ fún labalábá, ta ni yóò tún gbé aṣọ ìrun fún un? Abẹ́rẹ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n lò. Kò lè ro oko, kò lè ru obì.

"Tú u," Kúbúrá ní. Ó ti mú abẹ kékeré wá. "Bàbá Kúlú, tú u. A óò fi ọ̀bẹ mẹ́jọ sí i."

"Ihò abẹ́rẹ́ wà lára sányán, Ìyá Kúlú. Bí mo bá tú gbogbo rẹ̀, ẹ̀yìn aṣọ á dà bí ajọ̀. Aṣọ olówó ló bàjẹ́ yẹn."

Ó gbé aṣọ náà lé èjìká, ó lọ bá Alfa nílé rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e. Ó kúnlẹ̀.

"Alfa, kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi lọ wò ó níbi tí Ọlọ́run fi í sí."

"Kí n máa lé labalábá kiri, pẹ̀lú irùngbọ̀n yìí?"

"Alfa, ẹ wá sí àkùrọ̀ mi," mo ní. "Màá gé ìrèké fún yín."

"Ìwọ kèfèrí yìí, o ti dé."

"Ìrèké kì í ṣe kèfèrí, Alfa."

Ó wò mí títí. Ó ní òun máa bá wa níbẹ̀ lọ́la lẹ́yìn àsùbáà, torí ìrèké.

Ilẹ̀ mọ́, Alfa dé. Mo da apẹ̀rẹ̀ dé fún un létí omi, ó jókòó, ó yọ tẹ̀súbáà, ó ń ṣe é. Lékeléke ti lọ ku díẹ̀. Ẹ̀gà ti hun ilé mọ́kàndínlógún sórí ọ̀pẹ kan, gbogbo wọn ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ sórí omi. Bí ẹyẹ aláwọ̀ aró yẹn ṣe já sómi, tẹ̀súbáà dúró díẹ̀, ó tún ń lọ. Bí ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ti ń rìn lórí òṣíbàtà, tẹ̀súbáà tún dúró.

"Ifátóyìn, kí ni wọ́n ń pe èyí?"

N kò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni bíi tèmi kì í ní òun kò mọ̀. Mo ní ìyàwó òṣíbàtà ni. Ó mi orí.

Oòrùn gun orí. Labalábá bo ẹrẹ̀. Alfa ti gbàgbé ìrèké, ó ti gbàgbé wa, ó ń tẹ̀ síwájú lórí apẹ̀rẹ̀ títí apẹ̀rẹ̀ fi ń ké. "Sùbùhánàlláhì," ó ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tó ṣe, ó mí kanlẹ̀, ó kọjú sí Àkíbù.

"Mo rí ohun tí o rí. N kò bá ọ jà lórí pé ó dára. Ṣùgbọ́n ohun tí olùkọ́ mi kọ́ mi ni mo máa sọ: orí ni àwòrán. Ohun tó lórí, tó lójú, ẹlẹ́mìí ni. Bí a bá yọ orí rẹ̀, ohun tó kù dà bí igi, dà bí ewéko, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Yọ orí."

"Alfa, labalábá aláìlórí, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi rín Bàbá Sàlámì. Ihò rẹ̀ á sì wà níbẹ̀."

"Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ mi."

Alfa nawọ́ sí ìdí ìrèké kan kí ó fi dìde. Ewé gbígbẹ kan lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fẹ́ fi ìka gbá a kúrò, ewé náà là sí méjì, àwọ̀ ọsàn tàn nínú rẹ̀, ó fò kọjá imú Alfa. Labalábá ni, ó ti pa ìyẹ́ dé.

Alfa jókòó padà. "Ewé ni mo rí," ó ní. "Wàláhì, ewé ni. Ó ní igi láàárín, ó ní ọ̀pá tó fi so."

Mo rí ojú Àkíbù. Ó ti tẹ́ agbádá náà sórí koríko, ó ń fi ìka tọ ara labalábá láàárín ìyẹ́ méjèèjì, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó kan ọrùn, ó kan orí, ìka rẹ̀ kò dúró, ó bá ìwo lọ.

"Alfa, ara rẹ̀ yìí, bí mo bá fi òwú aláwọ̀ ewé bò ó, igi àárín ewé ni. Ìyẹ́ méjèèjì á di apá ewé méjèèjì. Mo tú ojú, mo tú orí, mo tú ìwo. Ibi tí wọ́n wà, ihò kan náà gan-an, ni ọ̀pá tí ewé fi so máa gbà kọjá. Ihò kankan kò ní ṣẹ́kù."

"N kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ o," Alfa ní. "Orí ni mo ní kí o yọ."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n yọ ọ́, Alfa. Ìrèké ló sọ ìyókù."

Lọ́jọ́ kejì ó tú ojú náà. Mo jókòó tì í. Ó tú ti ọ̀tún, ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó mu omi. Ó tú ti òsì. N kò tíì rí ọkùnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ohun tó dára tó yẹn jẹ́ láìkùn sí ẹnikẹ́ni. Ó ká òwú ojú náà mọ́ ìka, ó fi í sábẹ́ fìlà. Lẹ́yìn náà ó ní bísímílà, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀pá ewé kọjá, ihò dé ihò, ọ̀kan kò ṣì í. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ewé ńlá kan ló wà lẹ́yìn agbádá, dúdú, ọ̀já títàn là á já, irú ewé tí igi kankan kò so rí. Àwa mẹ́ta tó rí ti ìdí ìrèké nìkan ló mọ̀ pé irú ewé bẹ́ẹ̀ lè fò.

Lọ́jọ́ Iléyá, mo lọ dúró sẹ́yìn yídì lábẹ́ igi kan, láàárín ẹṣin àti àgbò. Gbogbo Ìbàdàn ló wá. Èrò tó wà níbẹ̀, bí wọ́n bá tutọ́ pọ̀ á di odò. Sàlámì ti gbọ́ lẹ́nu Alfa pé orí ti kúrò, ó bọ́ síwájú, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Ariwo kékeré kan gba àárín àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ labalábá ti tàn ká ju bí mo ṣe rò lọ. Mo rí àwọn tó ń tọ́ka, mo rí ẹni tó ń sún sápá kan kí ó má baà wà lẹ́yìn aṣọ náà. Àyè kan ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn Sàlámì nínú ìlà kejì, ẹnìkan kò sì fẹ́ kún un. Àkíbù wà ní ìlà kọkànlá. Mo rí i tó ń wo àyè náà.

Ìlà iwájú ni Alfa Màmúdù máa ń dúró, ọdún ogún kò yẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ náà, ó yípo kúrò níbẹ̀, ó rìn wá sẹ́yìn, kò yára, ó sì dúró sínú àyè tí wọ́n fi sílẹ̀, gan-an lẹ́yìn ewé. Wọ́n kábàárà, ìrun bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n forí kanlẹ̀, iwájú orí Alfa kan ilẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ Àkíbù, gbogbo yídì ló rí i.

Ìrun parí, wọ́n gbọ́ wáàsí tán, àwọn ènìyàn ń gbọn yanrìn lára. Àkíbù ṣì wà lórí eékún. Alfa gba àárín èrò wá bá a.

"Àkíbù, dìde. Wọ́n ti parí tipẹ́."

"Mo mọ̀, Alfa."

"Kí lo wá ń ṣe nílẹ̀?"

"Mo ń dúpẹ́, Alfa. Ó ku díẹ̀."

Alfa nawọ́ sí i, ó fà á dìde. Kí ẹran àgbò tó tán nílé, aṣọ mẹ́fà ti dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ti oníṣòwò obì, ọ̀kan jẹ́ ti alápatà. Kúbúrá ní láti tẹ́ ẹní kejì.